Gígé ìnáwó ilé láti ra ilẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀: kí ni ká gé, ibo ni ká fi owó rẹ̀ sí?

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ifẹ̀ ló ń ṣún owó ná, síbẹ̀ tí ọdún bá yípo, owó ilẹ̀ ò kúrò lójú kan. Kì í ṣe pé wọn ò gé ìnáwó. Wọ́n gé e, àmọ́ owó tí wọ́n gé náà tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó di owó aṣọ ẹbí, owó káàdì, owó "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi díẹ̀ ránṣẹ́". Owó tí a gé tí kò jáde nílé lọ́jọ́ náà gan-an, a ò tíì gé e. Ìdí nìyí tí ìfiwéra yìí fi ní ibi tí a ti lè gé owó, ibi tí owó náà máa sùn sí, àti ohun tí a máa fi rà. Ẹni tí kò bá ráyè, kó ka apá ibi tí owó máa sùn sí.

Kí ẹ tó fi ohunkóhun wé ohunkóhun, ẹ kọ ìnáwó oṣù kan gbáko sílẹ̀ sínú ìwé kékeré, ní òpó mẹ́ta: oúnjẹ, iná (gáàsì, mànàmáná, bẹntiróòlù), ìyókù. Ẹ kọ ₦200 pọfupọ́ọ̀fù náà. Òpó kẹta ló sábà máa ń ya tọkọtìyàwó lẹ́nu.

Iná ìdáná: gáàsì, èédú àbí mànàmáná?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a fi iye kílò gáàsì kan wé iye ọ̀rá èédú kan. Kílò gáàsì kan ní ooru tó tó yúnìtì mànàmáná 13, ṣùgbọ́n díẹ̀ lé ní ìdajì rẹ̀ ló ń wọ ìkòkò. Ìyókù ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò lọ sókè. Sítóòfù mànàmáná ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ooru tirẹ̀ sínú ìkòkò. Àdògán eléèédú kì í fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Tí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ tí kílò gáàsì kan ṣe, nǹkan bíi yúnìtì mànàmáná 9 ló máa ṣe é, tàbí èédú tó wọn kílò mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin.

Ẹ wá ṣe é báyìí. Ẹ mú iye kílò gáàsì kan ládùúgbò yín, ẹ fi 9 pín in. Bí ohun tó jáde bá ju iye tí ẹ ń ra yúnìtì kan lọ, mànàmáná ló dínwó. Bí kò bá tó o, gáàsì ni. Ká ní ₦1,200 ni kílò gáàsì: 1,200 pín sí ọ̀nà 9 jẹ́ ₦133. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé yúnìtì kan fún àwọn oníbáńdì A (àwọn tí wákàtí iná wọn pọ̀ jù lójúmọ́) láti ₦68 lọ sí ₦225. Ẹni tó ń san ₦225, kó máa fi gáàsì dáná. Ẹni tó ń san bíi ₦68 ní báńdì ìsàlẹ̀, tí iná bá dé, kó gbé ẹ̀wà ka sítóòfù mànàmáná. Iye yìí ń yí, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí aládùúgbò wí: ẹ mú rìsíìtì yúnìtì tí ẹ rà kẹ́yìn, ẹ fi iye yúnìtì pín owó tí ẹ san. VAT ti wà nínú rẹ̀, ohun tó jáde yẹn ni iye tí yúnìtì ń jẹ yín gan-an.

Èédú dà bí ohun tó dínwó títí ẹ máa fi gbé e sórí ìwọ̀n. Ọ̀rá ò ní ìwọ̀n kan, òmíràn ti gba òjò, ẹ ó sì san owó omi mọ́ ọn. Bí kílò mẹ́rin èédú bá ju kílò kan gáàsì lọ lówó, ẹ fi èédú sílẹ̀ fún ẹran sísun. Ẹ má sì ṣe tan án nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì: èéfín rẹ̀ tí ojú kò rí ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ibi tí gáàsì ti ń jò lówó ni ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́. Ní ọrùn sílíńdà ni wọ́n tẹ ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà TW tàbí TARE. Bí ó bá jẹ́ 13.2, tí ẹ sì san owó kílò 12.5, ìwọ̀n gbọ́dọ̀ kà 25.7 lẹ́yìn tí wọ́n bá rọ ọ́ tán. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n ṣáájú àti lẹ́yìn. Sílíńdà tí gáàsì díẹ̀ ṣẹ́kù sí ni wọ́n fi ń rẹ́ àwọn tí kì í bèèrè jẹ. "Ẹ rọ ₦5,000 sí i" náà kò dáa. Ẹ sọ iye kílò. Nílé, ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa họ́ọ̀sì àti ẹnu rẹ́gúlétọ̀. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Iná tó pọ́n tó ń mú ìdí ìkòkò dúdú túmọ̀ sí pé ihò sítóòfù ti dí, gáàsì ń ṣòfò nìyẹn.

Ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi mọ́jú, tí wọ́n sè nínú ìkòkò alágbára tó ń fọn, kì í gbà ju ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú lọ. Nínú ilé tó ń jẹ ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kò pẹ́ tí ìkòkò náà máa fi san owó ara rẹ̀ padà.

Mànàmáná, jẹ́nẹ́, sólà

Ẹni tó wà lórí bíìlì ìfojúdá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wá mítà. Kò sí gílóòbù tó lè pa tí bíìlì yẹn máa fi wálẹ̀. Lẹ́yìn mítà ni gígé tó ní ìtumọ̀.

Gílóòbù ni kó ṣáájú. Gílóòbù márùn-ún olówáàtì 60, tó ń tàn wákàtí márùn-ún lójúmọ́, máa jẹ yúnìtì 45 lóṣù. LED olówáàtì 9 márùn-ún máa jẹ yúnìtì 6.75. Ní ₦225, ìyàtọ̀ rẹ̀ ju ₦8,600 lọ lóṣù kan. Ní ₦68, kò ju nǹkan bíi ₦2,600 lọ. Iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní báńdì A ló ń jèrè rẹ̀ jù. Fíríjì ni ó tẹ̀ lé e: ẹ fi owó ₦1,000 sí ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ tì í, ẹ fà á. Bí owó náà bá yọ wọ̀ọ̀ láìfipá, rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti kú, ó ń fẹ́ tútù síta lọ́sàn-án lóru.

Jẹ́nẹ́ kékeré tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí "I better pass my neighbour": ẹ da lítà kan péré sínú rẹ̀ nígbà tó bá ti gbẹ, ẹ gbé ohun tí ẹ máa ń lò lé e, ẹ wo aago. Iye wákàtí tó bá ṣe ni kí ẹ fi ṣírò oṣù. Kí ẹ fi owó ọ́ìlì tí ẹ ń pò mọ́ bẹntiróòlù kún un. Ẹni tó bá ń fojú da ọ́ìlì máa sanwó fún pulọ́ọ̀gì àti písítìnì láìpẹ́.

Sólà kékeré tó máa rọ́pò rẹ̀ fún iná, fáànù àti fóònù kò nílò owó ńlá tí àwọn ènìyàn ń rò. Gílóòbù mẹ́rin olówáàtì 9 fún wákàtí márùn-ún jẹ́ 180. Fáànù DC olówáàtì 20 fún wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 160. Fóònù mẹ́rin, 60. Àpapọ̀ rẹ̀ 400 wáàtì-wákàtí lóru. Pánẹ́ẹ̀lì 150 wáàtì, tí oòrùn bá mú un dáadáa fún wákàtí mẹ́rin, tí a sì yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, fún wa ní 450. Bátìrì lithium 12V tó jẹ́ 50Ah tó o. Ní oṣù keje sí ìkẹsàn-án, nígbà tí ìkùukùu Ifẹ̀ kì í ṣí, ẹ óò dín fáànù kù. Ẹni tó bá ta pánẹ́ẹ̀lì 80 wáàtì fún yín pé "ó máa gbé e", kò ṣírò rẹ̀.

Ṣé kí ẹ rà á báyìí? Ẹ fi owó bẹntiróòlù oṣù kan pín iye rẹ̀. Bí ó bá máa san ara rẹ̀ padà láàrin ọdún kan, ẹ rà á lónìí. Bí ó bá ju ọdún kan ààbọ̀, tí ilẹ̀ sì wà nítòsí, ẹ rọra fara da jẹ́nẹ́.

Oúnjẹ: kọ́ńgò àbí àpò?

Kọ́ńgò ìrẹsì kan sábà máa ń sún mọ́ kílò kan ààbọ̀, nítorí náà àpò 50 kílò máa jẹ́ kọ́ńgò 33 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ iye kọ́ńgò kan di ìlọ́po 33. Ohun tó bá lé lórí iye àpò ni èrè yín. Lítà 25 epo pupa jẹ́ ìgò 33 tí ìgò bá jẹ́ 75cl. Ìṣirò kan náà ni. Bí owó àpò kan kò bá sí lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, ìdílé mẹ́ta lè dáwó pọ̀ rà á, kí wọ́n wọ̀n ọ́n níwájú ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ yọ owó kọ̀rọ̀pẹ́ láti ọjà Odò-Ogbè dé ilé yín kúrò nínú èrè náà, kí ẹ má bàa máa jèrè lórí ìwé lásán.

Àsìkò ju ọjà lọ. Epo pupa máa ń pọ̀ láti oṣù kejì sí ìkarùn-ún. Ẹni tó bá rà á lóṣù kẹwàá ń ra owó ìtọ́jú ẹlòmíràn. Ẹ̀wà tuntun ń wọlé láti ìparí ọdún. Tòmátì máa ń dínwó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì máa ń wọ́n gógó tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa. Lílọ̀ ọ́, sísè é títí omi rẹ̀ fi gbẹ, àti dída epo lé e lórí nínú ike ni àwọn ìyá wa fi ń borí rẹ̀. Fún gààrí àti iṣu, ọjà ọrọọrún àwọn ìlú tó yí Ifẹ̀ ká, ní ọ̀nà Ìpetumodù tàbí Ọlọ́dẹ, dára ju Lágèéré lọ, tí ẹ bá ti ní ohun tó pọ̀ láti rà. Nítorí kọ́ńgò méjì, ẹ jókòó sílé.

Ohun tó ń ba rírà lọ́pọ̀ jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́ ni kòkòrò. Ẹ̀wà gbọ́dọ̀ gbẹ kó máa dún kanakana; kí ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tó gbẹ, kó kún dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pinpin. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ máa jẹ afẹ́fẹ́ tó kù tán, á sì kú. Ẹ má ṣí i wò lójoojúmọ́. Ẹ má sì fi Sniper sí oúnjẹ, ẹ̀mí lẹ ń fi ta tẹ́tẹ́ yẹn. Èkejì ni pé àpò tó kún ń mú ọwọ́ yá: ìyàwó ilé tó ń bu kọ́ńgò kan tẹ́lẹ̀ ń bu kan ààbọ̀ nítorí pé ó ń rí i. Ẹ wọn ìrẹsì ọ̀sẹ̀ kan sínú ike lọ́tọ̀, kí ẹ ti àpò pa.

Àwọn ibì kan wà tí a kì í gé: ẹyin àti ẹja àwọn ọmọ, oògùn ibà, owó ilé-ìwé. Aṣọ ẹbí ṣeé gé. Ẹ fi iye kan sílẹ̀ fún ọdún kan, ẹ pín in sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Fún ayẹyẹ tó bá ṣẹ́kù, gèlè tàbí fìlà nìkan. Kò sí ẹni tó máa lé yín kúrò níbi jọ́lọ́ọ̀fù nítorí pé ẹ ò ra léèsì.

Ibi tí owó tí a gé máa sùn sí

| Ibi tí a gbé e sí | Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wa | Ohun tó ń fún wa | Tí nǹkan bá bàjẹ́ |
|---|---|---|---|
| Alájọ | owó ọjọ́ kan lóṣù | ìkóra-ẹni-níjàánu | alájọ lè sá lọ |
| Èésú | ìdúró | owó ńlá lẹ́ẹ̀kan | ẹni tó ti gbà kò san mọ́ |
| Àjẹṣẹ́kù | owó há síbẹ̀ | ẹ̀yáwó ìlọ́po méjì | alákòóso kò ṣírò |
| Báńkì | èlé kékeré, ó yá ná | ààbò NDIC (àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báńkì) | owó ń fúyẹ́ |
| FGN Savings Bond (owó tí a ń yá ìjọba àpapọ̀) | ọdún 2 tàbí 3 | èlé lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta | a ò lè rí i gbà kíákíá |

Alájọ tó ń gba ₦1,000 lójúmọ́ ń gba ₦365,000 lọ́dún, ó sì ń yọ ₦12,000 tirẹ̀, ìyẹn owó ọjọ́ kan lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé owó yín ń dín kù pẹ̀lú ìdá mẹ́ta àti díẹ̀ nínú 100. Kò burú fún ìyálọ́jà tí owó ń wọ ọwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, tí báńkì sì jìnnà sí ìsọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń rà ni pé ẹnìkan wá gba owó náà kó tó di ná. Àmọ́ kó máa gba owó rẹ̀ lóṣooṣù, kó sì gbé e lọ síbòmíràn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó fi owó oṣù mẹ́fà sọ́wọ́ alájọ ń yá a lówó láìgba èlé.

Èésú ni ti ènìyàn méjìlá tó ń dá ₦50,000 lóṣù, tí ẹnìkan ń kó ₦600,000. Ipò ló ṣe pàtàkì. Ẹni tó kó ṣáájú rí ẹ̀yáwó láìní èlé. Ẹni tó kó kẹ́yìn ló ń yá wọn, iye ọjà á sì ti gun orí rẹ̀. Bí ilẹ̀ tí ẹ ti yẹ̀ wò bá wà nílẹ̀, ẹ du ipò àkọ́kọ́ sí ìkẹrin. Bí kò bá sí, ipò àárín dára, torí pé owó ńlá tó dé nígbà tí kò sí ohun tó ń dúró dè é ni ó ń di mọ́tò. Kí ẹni mẹ́rin àkọ́kọ́ mú onídùúró méjì wá, kó wà lórí ìwé. Èésú tí gbogbo rẹ̀ wà lórí "a mọ ara wa", ibẹ̀ ni ó ti ń fọ́.

Ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù ló dára jù fún olówó oṣù, òṣìṣẹ́ Yunifásítì tàbí ilé-ìwòsàn OAUTHC pàápàá, nítorí pé wọ́n ń yọ ọ́ kí owó tó dé ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń yá ènìyàn ní ìlọ́po méjì ohun tó tọ́jú: ẹni tó ní ₦400,000 lè rí ₦800,000, pẹ̀lú onídùúró méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Kí ẹ tó wọlé, ẹ bèèrè ohun mẹ́rin: ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, ìṣirò tí aṣàyẹ̀wò-owó yẹ̀ wò lọ́dún tó kọjá, iye èlé lórí ẹ̀yáwó, àti bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó kí ẹni tó fẹ́ jáde tó rí owó rẹ̀ gbà. Ìdáhùn sí èyí tó kẹ́yìn ló ń sọ òtítọ́ ẹgbẹ́. Ẹ rántí pé bí ẹ bá ṣonídùúró fún ẹlòmíràn tí kò san, owó ilẹ̀ yín ni wọ́n máa yọ.

Ní báńkì, láti ọdún 2024, NDIC ń dá owó padà dé ₦5,000,000 fún oníbàárà kan bí báńkì bá kógbá wọlé, àti ₦2,000,000 ní máíkírófáínánsì. Ohun tó ń yọni lẹ́nu níbẹ̀ ni áàpù orí fóònù. Ẹ ṣí àkáǹtì kejì ní báńkì mìíràn, ẹ má gba káàdì, ẹ má gbé áàpù rẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ sì ní kí owó máa lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé.

FGN Savings Bond bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017. ₦5,000 ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, ₦1,000 ni a sì fi ń ga sí i. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ stockbroker (alágbàtà ìdókòwò) tó wà nínú ètò náà ni wọ́n ti ń rà á, lóṣooṣù tí wọ́n bá gbé e síta. Fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì jìn ní ọdún méjì, ó sàn ju àkáǹtì lásán lọ. Fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ má gbé e síbẹ̀.

Àwọn kan a máa fi owó ra ohun ìkọ́lé pa mọ́. Búlọ́ọ̀kù gbà bẹ́ẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti wà, tí ẹnìkan sì ń gbé nítòsí. Sìmẹ́ńtì kò gbà: lẹ́yìn oṣù mẹ́ta agbára rẹ̀ ti ń dín, àpò tó bá sì kan ilẹ̀ tàbí ògiri á di òkúta. Yanrìn ń bá ọ̀gbàrá lọ. Irin ń dípẹtà.

Ilé tó ti parí, ilẹ̀, àbí NHF?

Ilé tó ti parí gba owó lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀nba ènìyàn ló sì lè ṣe é láìyáwó. NHF (National Housing Fund, àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀) wà fún olówó oṣù àti oníṣẹ́ ọwọ́: ìdá 2.5 nínú 100 owó tó ń wọlé lóṣù, ó kéré tán fún oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, a lè béèrè ẹ̀yáwó Federal Mortgage Bank of Nigeria ní èlé ìdá 6 nínú 100, tó lè gba 30 ọdún. Ó ṣòro láti rí èlé tó dín bẹ́ẹ̀ ní ilé ìfowópamọ́ lásán. Ibi tó ti ń há ni ìwé: rìsíìtì ẹbí lásán kò tó, ìwé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ bíi C of O (ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí gómìnà fọwọ́ sí) ni wọ́n ń fẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ wo ìwé owó oṣù yín, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti máa yọ ọ́. Ẹni tó ti san owó ìfẹ̀yìntì sí RSA (àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tirẹ̀) fún oṣù 60 náà lè lo ìdá 25 nínú 100 rẹ̀ fún owó ìdásílẹ̀ ẹ̀yáwó ilé. PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, fọwọ́ sí i ní ọdún 2022.

Ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ tó bèèrè iye owó, ẹ bèèrè ẹsẹ̀ bàtà. "Plọ́ọ̀tì kan" tí ó jẹ́ 50 nípa 100 jẹ́ 5,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun. 60 nípa 120 jẹ́ 7,200. Ẹni tó ta èkíní ní ₦1,000,000 àti ẹni tó ta èkejì ní ₦1,300,000, èkejì ló dínwó jù, torí ₦200 ni ẹsẹ̀ bàtà kan lọ́hùn-ún, ₦181 níbí.

Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ni kí wọ́n jọ fọwọ́ sí i. Tí olórí ẹbí kò bá sí níbẹ̀, títà náà kò dúró rárá. Tí ó bá wà ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò sí, wọ́n lè lọ dà á rú ní kóòtù. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí sọ̀fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ ka ojú ilẹ̀ náà, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò ní Òṣogbo bóyá ìjọba ti gbà á. Ilẹ̀ tó sún mọ́ ààlà Yunifásítì, ẹ fi ojú méjì wò ó. Nínú àdéhùn tí lọ́yà máa kọ, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ pé owó ìpìlẹ̀ àti owó òrùlé ti wà nínú ohun tí ẹ san. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ ni àwọn ọmọ onílẹ̀ máa dé, ohun tí wọ́n máa bèèrè kò sì sí nínú ìṣirò yín. Láti oṣù àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti máa tọ́jú owó sọ̀fíyọ̀ àti owó lọ́yà lọ́tọ̀, má jẹ́ kí ó wà nínú owó ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ní rìsíìtì ilẹ̀ lọ́wọ́ fún ọdún márùn-ún láìní ìwé kejì, nítorí pé gbogbo owó ti tán sọ́wọ́ onílẹ̀.